Ẹ Kọ́kọ́ Wò Ó Ná: Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Script Kékeré Yẹ Nẹ́tíwọ́kì Kọ̀ǹpútà Tó Wà Lọ́nà Jíjìn Wò

Ẹ̀kọ́ tòní, orí ara mi ni mo ti kọ́ ọ, ojú sì tì mí díẹ̀ kí n tó sọ ọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi kan ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ní Okokomaiko. Kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ mẹ́ta ló wà níbẹ̀, Ubuntu ni mo fi sórí gbogbo wọn. Ibẹ̀ làwọn ọmọ àdúgbò ti ń ṣe fọ́ọ̀mù, ibẹ̀ náà làwọn akẹ́kọ̀ọ́ LASU ti ń tẹ iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ fún olùkọ́. Èmi ń gbé ní Iba. Iba sí Okokomaiko kò jìnnà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ títì Badagry ní ìrọ̀lẹ́ mọ̀ pé ọ̀nà tí kò jìnnà lè jẹ gbogbo ìrọ̀lẹ́ èèyàn.

Lọ́jọ́ kan, ẹ̀gbọ́n pè mí. "Àbúrò, kọ̀ǹpútà kejì ò ṣí nǹkan kan mọ́ o. Oníbàárà mẹ́rin ló jókòó síbí, òní sì ni fọ́ọ̀mù wọn ń parí."

Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Màá tún un ṣe láti ilé."

Mo jókòó sídìí láptọ́ọ̀pù mi, mo wọ inú kọ̀ǹpútà kìíní láti Iba, mo sì gba inú rẹ̀ wọ ìkejì. Mi ò wo nǹkan kan. Mo kàn ní bóyá Wi-Fi rẹ̀ ló ń ṣe ségesège, kí n pa á kí n tún tan án. Mo tẹ:

```
sudo ip link set wlp2s0 down
```

Kí n tó tẹ èyí tó máa tan án padà, ojú ẹ̀rọ ti dì gbagidi. Ṣé ẹ ti rí nǹkan tí mo ṣe? Wi-Fi tí mo pa yẹn gan-an ni ọ̀nà tí mo gbà wọlé! Kọ̀ǹpútà gbọ́ "pa á", kò sì lè gbọ́ "tan án" mọ́. Mo jókòó lórí ẹ̀ka igi, mo sì gé ẹ̀ka náà.

Bí mo ṣe wọ bàtà nìyẹn, ó di inú kẹ̀kẹ́ Márúwá. Nígbà tí mo fi máa dé Okokomaiko, mẹ́ta nínú oníbàárà mẹ́rin yẹn ti lọ. Kí ni mo wá rí? Ẹnì kan ti lọ tẹ nọ́ńbà DNS sí i, ó sì fi 1 kan lé e. Dípò 192.168.1.1, ó tẹ 192.168.1.11. Ká ní mo kọ́kọ́ wò ó ni, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá ni ì bá gbà mí.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ní òfin kan, òun náà sì ni mo fẹ́ kí ẹ mú lọ lónìí: script àkọ́kọ́ tí ẹ máa kọ fún kọ̀ǹpútà tó jìnnà, kíkà ni kó máa kà. Kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan nǹkan kan.

Kí la fẹ́ kà gan-an?

Nǹkan mẹ́ta ló ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà dé orí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ọ̀kan bá yẹ̀, gbogbo rẹ̀ dúró.

Èkíní ni àdírẹ́sì IP. Nọ́ńbà ojúlé ni. Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168, àwọn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 10, àti àwọn tó wà láàárín 172.16 sí 172.31, inú ilé nìkan ni wọ́n wà fún. Ìyẹn ló fà á tí ẹ fi lè rí 192.168.1.12 ní Ojo, kí ẹ tún rí i ní London, tí wọn ò sì ní bá ara wọn jà. Ṣebí gbogbo àdúgbò ló ní Ojúlé Karùn-ún? Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 169.254, ẹ fura. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kọ̀ǹpútà bẹ ráútà pé kó fún òun ní nọ́ńbà, ráútà ò dáhùn, ló bá fún ara rẹ̀ ní ọ̀kan. Nọ́ńbà ọmọ òrukàn nìyẹn, kò lè gbé e jáde.

Èkejì ni gateway. Ẹ wò ó bíi géètì àdúgbò. Ohunkóhun tó bá ń lọ síta, ibẹ̀ ló máa gbà. Ráútà ló sábà máa ń jẹ́ géètì yìí. Bí nọ́ńbà rẹ̀ bá yàtọ̀ sí ti ráútà, inú ilé nìkan ni kọ̀ǹpútà á máa rìn kiri.

Ẹ̀kẹta ni DNS. Lórí fóònù yín, ẹ ò há nọ́ńbà Mọ́mì sórí. Ẹ kàn ń tẹ "Mọ́mì" ni, fóònù á sì wá nọ́ńbà náà jáde. Iṣẹ́ tí DNS ń ṣe nìyẹn: ẹ tẹ orúkọ, ó fún yín ní nọ́ńbà.

Ẹ má fojú kékeré wo ẹ̀kẹta yìí o. Ẹni tó bá yí DNS yín padà ti yí ìwé nọ́ńbà yín padà nìyẹn. Ẹ lè tẹ orúkọ báńkì yín dáadáa, kó gbé yín lọ sílé olè. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí. Kòkòrò kan wà tí wọ́n ń pè ní DNSChanger, iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó yí nọ́ńbà DNS padà. Nígbà tí FBI kéde ní oṣù Kọkànlá ọdún 2011 pé ọwọ́ ti tẹ àwọn tó wà nídìí rẹ̀, kọ̀ǹpútà tó ti wọ̀ lé ní mílíọ̀nù 4 káàkiri ayé. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ni kọ̀ǹpútà wọ̀nyẹn ò mọ nǹkan kan, torí íntánẹ́ẹ̀tì wọn ṣì ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó ń ka ètò nẹ́tíwọ́kì rẹ̀ láràárọ̀ ì bá ti rí i.

Ọ̀nà tí a máa gbà wọlé: SSH

SSH ni irinṣẹ́ tó ń jẹ́ kí ẹ jókòó síbì kan kí ẹ máa pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà tó wà níbòmíràn. Tatu Ylönen ló ṣe é ní yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Helsinki, lórílẹ̀-èdè Finland, lọ́dún 1995. Ohun tó fà á ni pé ẹnì kan ń yọ́ gbọ́ password lórí nẹ́tíwọ́kì yunifásítì náà. Nígbà yẹn, gbangba ni password ń rìn kọjá lórí wáyà, bíi kí èèyàn kọ nọ́ńbà káàdì ATM sára ògiri. SSH ń di gbogbo ọ̀rọ̀ yẹn pa, kí ẹni tó bá yọ́ gbọ́ má lóye rẹ̀.

Kí script tó lè ṣiṣẹ́ láì máa bi wá ní password, a máa lo kọ́kọ́rọ́. Orí kọ̀ǹpútà kìíní ni ẹ ti máa tẹ àṣẹ méjì yìí:

```
ssh-keygen -t ed25519
ssh-copy-id soobu@192.168.1.12
```

Àṣẹ àkọ́kọ́ ṣe nǹkan méjì fún yín: àgádágodo kan àti kọ́kọ́rọ́ tó ń ṣí i. Ìkejì gbé àgádágodo lọ fi sára kọ̀ǹpútà kejì. Kọ́kọ́rọ́ kò kúrò lọ́wọ́ yín. Ẹ lè fún gbogbo ayé ní àgádágodo yẹn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gba kọ́kọ́rọ́ ti gba ilé. Ẹ ṣe bákan náà fún kọ̀ǹpútà kẹta.

Ẹ kíyè sí orúkọ náà, "soobu". Mo dá a sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà méjèèjì bí oníṣẹ́ lásán, mi ò fún un ní agbára sudo. Bí mo bá tiẹ̀ tẹ àṣẹ burúkú sínú script, kò lè pa Wi-Fi, kò lè yí DNS. Ṣé ẹ rí i? Kì í ṣe pé mo kàn ṣèlérí pé mi ò ní fọwọ́ kàn án, mo ti so ọwọ́ ara mi ni.

Script náà rèé

Ẹ pe fáìlì náà ní ka-neti.sh. Ẹ má fi àmì ohùn sí orúkọ fáìlì tàbí àṣẹ o, a ń fi wọ́n sílẹ̀ fún ìwé kíkọ.

```
#!/bin/bash
# kika nikan
ojo=$(date +%F)
for ero in 192.168.1.12 192.168.1.13
do
  ssh -o BatchMode=yes -o ConnectTimeout=10 soobu@$ero '
    hostname
    ip -4 -brief addr
    ip route show default
    resolvectl dns
  ' > $ojo-$ero.txt 2>&1
done
```

Ẹ jẹ́ ká tú u wò.

Ìlà "ojo" ń mú ọjọ́ òní, kí fáìlì kọ̀ọ̀kan lè ní ọjọ́ tirẹ̀ lórí. Ìlà "for" ń mú kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá ní ogún, ẹ kàn to nọ́ńbà wọn tẹ̀lé ara wọn ni. Mo ti lọ inú ráútà lọ so nọ́ńbà wọ̀nyí mọ́ kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan lára, kí wọ́n má baà yí padà lóru.

BatchMode ń sọ fún SSH pé kó má dúró béèrè password. Bí kọ́kọ́rọ́ ò bá ṣí i, kó máa lọ. ConnectTimeout=10 ní kó má dúró ju ìṣẹ́jú àáyá 10 lọ lẹ́nu ọ̀nà kọ̀ǹpútà tí kò dáhùn.

Àṣẹ mẹ́rin tó wà láàárín ni iṣẹ́ gan-an: kí lorúkọ rẹ, kí ni àdírẹ́sì rẹ, ta ni géètì rẹ, ta ni DNS rẹ. Ẹnì kan lè ní, "Kí ló dé tí o ò kàn ka /etc/resolv.conf?" Lórí Ubuntu òde òní, 127.0.0.53 lẹ máa rí níbẹ̀, alárinà tó ń gbé inú kọ̀ǹpútà náà fúnra rẹ̀ ni. resolvectl ló máa sọ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn alárinà yẹn fún yín.

2>&1 tó wà níparí ń rí i pé bí àṣìṣe bá wà, àṣìṣe náà wọ inú fáìlì. Ẹ má sọ àṣìṣe nù láé. Àwọn gan-an ló ń sọ̀rọ̀ jù.

Ẹ fún un láṣẹ, kí ẹ sì jẹ́ kó ṣiṣẹ́:

```
chmod +x ka-neti.sh
./ka-neti.sh
```

Nǹkan tí fáìlì máa ní nínú á jọ èyí:

```
ero2
lo       UNKNOWN   127.0.0.1/8
wlp2s0   UP        192.168.1.12/24
default via 192.168.1.1 dev wlp2s0 proto dhcp metric 600
Global:
Link 2 (wlp2s0): 192.168.1.1
```

Ibi tó ti dùn: àná àti òní

Fáìlì kan ṣoṣo kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò. Méjì ló wúlò. Ẹ jẹ́ kí script náà ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tí gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa, kí ẹ sì tọ́jú fáìlì ọjọ́ náà. Lọ́jọ́ tí wàhálà bá dé, ẹ tún un ṣe, kí ẹ wá fi méjèèjì wéra:

```
diff 2025-03-03-192.168.1.12.txt 2025-03-04-192.168.1.12.txt
```

Bí nǹkan kan ò bá yí padà, diff ò ní sọ nǹkan kan. Ká ní mo ti ní fáìlì yìí lọ́jọ́ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, nǹkan tí mi ò bá rí nìyí:

```
6c6
< Link 2 (wlp2s0): 192.168.1.1
---
> Link 2 (wlp2s0): 192.168.1.11
```

Ó tán. Ìlà kẹfà yí padà, 1 kan ló lé. Kò sí pé à ń méfò.

Bí ẹ ò bá ní fáìlì àná, ping lè ràn yín lọ́wọ́. Mike Muuss ló kọ ping ní 1983, ọdún kan náà tí wọ́n dá LASU sílẹ̀, a sì ń lò ó dòní. Ẹ kọ́kọ́ ping nọ́ńbà, lẹ́yìn náà kí ẹ ping orúkọ:

```
ping -c 3 8.8.8.8
ping -c 3 google.com
```

Bí nọ́ńbà bá dáhùn, tí orúkọ ò dáhùn, DNS ni. Bí méjèèjì ò bá dáhùn, ẹ ping géètì. Bí géètì náà ò bá dáhùn, àárín kọ̀ǹpútà àti ráútà ni wàhálà wà. Bí géètì bá dáhùn, ọ̀rọ̀ ti kúrò nínú ilé nìyẹn, ẹ yẹ ráútà wò tàbí kí ẹ pe àwọn tó ń ta dátà fún yín.

Bí SSH bá kọ̀

"No route to host": kò sí ẹni tó gbọ́ ìpè yẹn nínú nẹ́tíwọ́kì. Kí ẹ tó máa wá ẹ̀ṣẹ̀ sí i lọ́rùn, ẹ béèrè bóyá iná wà. Mélòó ni mo ti ṣe tó jẹ́ pé wọ́n ti mú iná, tí ẹnikẹ́ni ò tíì tan jẹnẹrétọ̀!

"Connection timed out": ìpè lọ, èsì ò wá. Ó lè jẹ́ pé firewall ń gbé ìpè náà mì, tàbí kí kọ̀ǹpútà ti kú.

"Connection refused": èyí dára ju tókù lọ. Kọ̀ǹpútà wà láàyè, ó dáhùn, ṣùgbọ́n kò sí SSH lórí rẹ̀ tó ń gbàlejò.

"Permission denied": ẹ dé ẹnu ọ̀nà, kọ́kọ́rọ́ yín ni kò bá àgádágodo mu.

Kí ló dé tí mi ò lè wọ ibẹ̀ tààrà láti Iba?

Ìbéèrè gidi nìyí, torí ó máa ń da ọ̀pọ̀ lójú rú. Ẹ máa kà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé kí ẹ kàn "SSH sí IP ṣọ́ọ̀bù". Ẹ dán an wò pẹ̀lú MiFi, kò lọ.

Nọ́ńbà IP ti àtijọ́ kò ju 4,294,967,296 lọ ní gbogbo ayé, èèyàn àti fóònù sì ti pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ fóònù ń kó ọ̀pọ̀ oníbàárà sábẹ́ nọ́ńbà ìta kan. Wọ́n tilẹ̀ ya nọ́ńbà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ yìí lọ́dún 2012, láti 100.64 títí dé 100.127. Bí ẹ bá rí irú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi nọ́ńbà ìta ráútà yín, inú ẹ́sítéètì ńlá kan lẹ wà. Mẹ́gáàdì ẹ́sítéètì yẹn ò jẹ́ kí àlejò tí ẹnikẹ́ni ò pè wọlé.

Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni pé kí kọ̀ǹpútà inú ilé ló kọ́kọ́ pe síta. WireGuard tàbí Tailscale ló ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Kọ̀ǹpútà kìíní ní Okokomaiko ń pe jáde, láptọ́ọ̀pù mi ní Iba náà ń pe jáde, wọ́n wá pàdé. Mẹ́gáàdì ò ní janpata, torí ará ilé ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni mo wọ kọ̀ǹpútà kìíní, ibẹ̀ ni script náà ń gbé.

Kì í ṣe àwa kéékèèké nìkan

Bí ẹ bá rò pé irú àṣìṣe mi ò lè ṣe àwọn ọ̀gá, ẹ gbọ́ èyí. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kọkànlá ọdún 2018, ilé-iṣẹ́ MainOne tó wà ní Èkó ń tún nẹ́tíwọ́kì wọn ṣe, ètò kan sì yẹ̀ lára àwọn asẹ́ BGP wọn. BGP ni àwọn nẹ́tíwọ́kì ńlá fi ń sọ fún ara wọn pé "ọ̀nà tó lọ síbi báyìí, ọ̀dọ̀ mi ló gbà." Ẹ rántí àwọn agbèrò ní Iyana Iba tó ń pariwo ibi tí ọkọ̀ ń lọ. Ariwo tí kò yẹ kó jáde ló jáde lọ́jọ́ yẹn, pé ọ̀nà Google gba ọ̀dọ̀ MainOne. China Telecom gbà á gbọ́, ó sì tún ariwo náà pa fáwọn ẹlòmíràn. Làwọn ọkọ̀ tó ń lọ sí Google bá yà gba Rọ́ṣíà àti Ṣáínà, ọ̀pọ̀ ò sì débi tí wọ́n ń lọ. MainOne fúnra wọn sọ pé àṣìṣe ètò ni, àti pé ìṣẹ́jú 74 ló gbà kí wọ́n tó tún un ṣe.

Ìdàkejì rẹ̀ náà wà. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, okùn abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, ACE, MainOne àti SAT-3, bàjẹ́ nítòsí Abidjan. Íntánẹ́ẹ̀tì dojú rú ní Nàìjíríà àti ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ máa ń yún èèyàn láti yí gbogbo nǹkan padà: pa ráútà, yí DNS, tún Ubuntu fi. Bí òkun bá wá tún ara rẹ̀ ṣe tán, ṣọ́ọ̀bù tirẹ ò ní ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹni tó ní fáìlì àná lọ́wọ́, tí diff sì dákẹ́, mọ̀ pé òun ò jẹ̀bi. Á jókòó jẹ́ẹ́.

Bó bá wá di dandan láti fọwọ́ kàn án

Ẹ kọ́kọ́ ṣe ọ̀nà àsálà. Kí ẹ tó fi àṣẹ "ip" yí nǹkan kan padà, ẹ tẹ:

```
sudo shutdown -r +10
```

Ìyẹn ní kí kọ̀ǹpútà pa ara rẹ̀ kó sì tún ara rẹ̀ tàn lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10. Bí ẹ bá ti ara yín mọ́ta, ẹ ní sùúrù. Ìyípadà tí àṣẹ "ip" ṣe kì í kọjá títún-tàn, gbogbo rẹ̀ á padà sí bó ṣe wà. Bí iṣẹ́ yín bá sì yọrí, ẹ yára tẹ `sudo shutdown -c` kí ẹ fi fagi lé e. Àṣẹ kan péré yìí ì bá ti gbà mí lọ́wọ́ títì Badagry.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù, kò sì ṣeé fi ṣeré. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n bá fún yín láyè lórí rẹ̀ nìkan ni kí ẹ wọ̀. Òfin ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà tí Nàìjíríà ṣe lọ́dún 2015 ka wíwọ kọ̀ǹpútà oníkọ̀ǹpútà láìgbàṣẹ sí ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ni ín kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun gbà, bó tiẹ̀ jẹ́ lórí WhatsApp. Ẹ̀gbọ́n mi náà kọ ọ́ fún mi.

Bí ẹ ò bá ní kọ̀ǹpútà méjì, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tó wà níwájú yín. Ẹ tẹ àṣẹ mẹ́rin yẹn lónìí, bó bá jẹ́ Windows, ẹ tẹ `ipconfig /all`. Ẹ kọ èsì rẹ̀ pa mọ́ síbì kan nísinsìnyí tí gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Lọ́jọ́ tí nẹ́tíwọ́kì bá lọ, ẹ ti mọ bí àlàáfíà ṣe rí kí àìsàn tó dé.